Bí ẹ ṣe máa fi káàdì ìdánimọ̀ New York gba pámíìtì àti láísẹ́ńsì ìwakọ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Brooklyn, Bronx tàbí Staten Island ló ní káàdì ìdánimọ̀ ìpínlẹ̀ New York lápò, èyí tí DMV, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti láísẹ́ńsì, ń fún ẹni tí kì í wakọ̀. Ó ní fọ́tò, ó ní àdírẹ́sì, báńkì ń gbà á. Ohun tí kò lè ṣe ni kó jẹ́ kí ẹ jókòó nídìí sítíárìn. Bí ẹ bá wá fẹ́ máa wakọ̀, DMV ní kí ẹ wá ṣe pàṣípààrọ̀: ẹ ó fi káàdì yẹn sílẹ̀, ẹ ó gba pámíìtì, ìyẹn ìwé àṣẹ fún ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀, pámíìtì yẹn ni yóò sì padà di láísẹ́ńsì.

Ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ yìí ló ń tan èèyàn jẹ. Àwọn kan rò pé bí ìgbà téèyàn lọ ṣẹ́ dọ́là ni, kí á gbé èyí sílẹ̀ kí á sì mú tọ̀hún lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni káàdì tó wà lọ́wọ́ yín ti bá yín ṣe: ó ti sọ ẹni tí ẹ jẹ́. Kò sọ bóyá ẹ mọ ọkọ̀ wà. Ìdánwò ojú, ìdánwò ìwé, kíláàsì wákàtí 5 àti ìdánwò ojú títì ṣì ń dúró dè yín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan yẹn kò kéré, torí pé ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fi ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà sílé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwakọ̀.

Póìǹtì 6 ti wà lápò yín

Póìǹtì ni DMV New York fi ń díwọ̀n ìwé ẹ̀rí. Àwọn ìwé tí ẹ bá kó wá gbọ́dọ̀ pé póìǹtì 6 kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀yin gan-an lẹ dé. Káàdì Social Security ní póìǹtì 2. Káàdì báńkì tó ní orúkọ àti ìbuwọ́lù yín ní 1. Ẹni tí kò ní káàdì ìjọba New York kankan yóò máa kó ìwé jọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń dá èésú. Káàdì ìdánimọ̀ New York tó ní fọ́tò ní tirẹ̀ ní póìǹtì 6 lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹfààní tí ẹ ní nìyẹn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó sọnù lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ má sì jẹ́ kó ti lò kọjá ọjọ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ẹ tó gbéra.

Ẹ mú káàdì Social Security dání pẹ̀lú rẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni òfin New York ti gba ẹni tí kò ní nọ́ńbà Social Security láàyè láti gba láísẹ́ńsì lásán, ìyẹn Standard. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò buwọ́ lu ìwé pé wọn kò fún òun ní nọ́ńbà rí. Bí wọ́n bá ti fún yín ní nọ́ńbà rí, kódà kó jẹ́ ìgbà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́, ẹ má buwọ́ lu ìwé yẹn.

Ojúlówó ìwé ni kí ẹ mú lọ, tàbí ẹ̀dà tí iléeṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí. Fọ́tókọ́pì kò wúlò níbẹ̀, fọ́tò inú fóònù náà kò wúlò. Ìwé tí a bá kọ ní Faransé, bíi ti àwọn tó wá láti Benin tàbí Tógò, gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí olùtumọ̀ jẹ́rìí sí. Lórí dmv.ny.gov, irinṣẹ́ kan wà tó máa bi yín ní ìbéèrè díẹ̀, tí yóò sì sọ ìwé tí ó kàn yín gẹ́lẹ́. Fọ́ọ̀mù ID-44 to gbogbo ìwé náà àti póìǹtì wọn sílẹ̀. Ẹ wo ọ̀kan nínú méjèèjì ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Orúkọ Yorùbá níwájú kọ̀ǹpútà DMV

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Bí òṣìṣẹ́ bá ti tẹ nọ́ńbà Social Security yín, kọ̀ǹpútà DMV yóò bi ti Social Security léèrè bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, ọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó jókòó ní kọ́ńtà kò ní agbára láti tún un ṣe, bó ti wù kí ẹ bẹ̀ ẹ́ tó.

Ọ̀nà tí orúkọ wa ń gbà dàrú kò pọ̀, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Àkọ́kọ́ ni orúkọ gígùn tí wọ́n gé sí méjì. Oluwadamilare lórí káàdì kan, Oluwa Damilare lórí èkejì: kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Lójú tirẹ̀, Oluwa ni orúkọ àkọ́kọ́, Damilare sì jẹ́ orúkọ àárín. Èkejì ni orúkọ ìdílé tó bọ́ sí ipò orúkọ àbísọ, torí pé orúkọ ìdílé ló ṣáájú nínú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, tí ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù sì kàn ń kọ ọ́ bó ṣe rí i. Ẹ̀kẹta ni orúkọ àárín tó wà lórí ìwé kan tí kò sí lórí òmíràn. Ti àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kò ṣe nǹkan kan. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì, nítorí náà ẹ kọ lẹ́tà lásán sínú fọ́ọ̀mù, ẹ má dá ara yín láàmú.

Ẹ tẹ́ káàdì ìdánimọ̀, káàdì Social Security àti páásípọ́ọ̀tù sórí tábìlì, kí ẹ ka orúkọ orí wọn lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ìyàtọ̀ bá wà, Social Security lẹ ó kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe DMV. Ẹ tún un ṣe níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ inú kọ̀ǹpútà wọn, kí ẹ tó wá lọ sí DMV. Ẹni tó bá yí ètò yìí po yóò lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyàwó tó fẹ́ lo orúkọ ọkọ nílò ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tí ìjọba fún un. Ìdána kò ní ìwé lọ́dọ̀ DMV. Alága ìdúró àti alága ìjókòó lè jẹ́rìí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kọ́ńtà kò mọ̀ wọ́n. Nikáà tí wọn kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba náà kò yàtọ̀. Ìwé ìgbéyàwó kóòtù ni wọ́n ń béèrè. Ti ìwé ìbúra àti ìkéde inú ìwé ìròyìn tí a fi ń yí orúkọ padà nílé, a kò ní gbà yín níyànjú láti gbọ́kàn lé e. Àṣẹ ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ló dájú.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ ìbí náà. Oṣù ló ń ṣáájú ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin tó sì kọ 03/04 bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé ti sọ fún DMV pé ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ni wọ́n bí òun. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 25 kò ní ìṣòro, torí kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọn á tètè rí àṣìṣe náà. Ẹni tí wọ́n bí láàárín ọjọ́ 1 sí 12 ni kó ṣọ́ra.

Ẹ má fi káàdì tó dára gba èyí tó rẹlẹ̀

Oríṣi mẹ́ta ni káàdì New York. Standard ni ti lásán, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kì í ṣe fún ìlò ìjọba àpapọ̀. REAL ID ní ìràwọ̀. Enhanced ní àsíá Amẹ́ríkà, ọmọ onílùú Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń fún, ó sì fi dọ́là 30 wọ́n ju àwọn yòókù lọ. Láti ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni àwọn pápákọ̀ òfurufú ti ń béèrè káàdì tó ní ìràwọ̀ tàbí àsíá, tàbí páásípọ́ọ̀tù, lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọ bàlúù láàárín Amẹ́ríkà.

Bí káàdì ìdánimọ̀ yín bá ní ìràwọ̀, kí ẹ rí i dájú pé REAL ID lẹ mú nínú fọ́ọ̀mù pámíìtì náà. Kò yẹ kí ẹ rò pé ìràwọ̀ yóò tẹ̀ lé yín fúnra rẹ̀. A ti ń rí ẹni tó wọlé pẹ̀lú ìràwọ̀ tó jáde láìní i, torí àpótí kan tó fò nínú fọ́ọ̀mù. REAL ID gba ìwé méjì tó fi hàn pé New York lẹ ń gbé, bí ìwé iná tàbí ìwé báńkì, orúkọ àti àdírẹ́sì ibi tí ẹ ń sùn ló sì gbọ́dọ̀ wà lórí méjèèjì. Ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo ìwé iná ń wá lórúkọ ẹ̀gbọ́n, kí ó tètè yí àdírẹ́sì báńkì àti ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ padà ṣáájú.

Ẹ kò lè mú káàdì ìdánimọ̀ àti láísẹ́ńsì New York dání pọ̀. Ìwé ráńpẹ́ tí kò ní fọ́tò ni wọn yóò kọ́kọ́ fún yín ní kọ́ńtà, káàdì gidi yóò wá gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárín ìgbà yẹn, ìwé ráńpẹ́ kò ní gbé yín wọ bàlúù. Ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì sí Houston lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sì wà ní ẹ́ńbásì fún àtúnṣe, kí ó sún pàṣípààrọ̀ náà síwájú.

Fọ́ọ̀mù MV-44

Fọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n fi ń béèrè pámíìtì, láísẹ́ńsì àti káàdì ìdánimọ̀. Ẹ máa rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò le: orúkọ, àdírẹ́sì, gíga, àwọ̀ ẹyinjú. Ibi mẹ́ta ló gba ìrònú.

Ìbéèrè nípa ìdìbò wà níbẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, ìbáà ní green card, kò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí wọ́n máa fi ẹ̀rín bò o: ó lè ba ìwé ìgbélùú jẹ́, ó sì lè mú kí wọ́n lé èèyàn kúrò nílùú. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ bi yín ní ọ̀rọ̀ ẹnu nígbà tí ọ̀nà gùn lẹ́yìn yín, ẹ dá a lóhùn pé rárá, kí ẹ sì wo ojú ìwé tí ẹ ń buwọ́ lù bóyá rárá ni wọ́n kọ.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni ti ẹ̀yà ara, bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n lo ẹ̀yà ara yín fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ikú. Ó wù yín tàbí kò wù yín, kò kan láísẹ́ńsì.

Ẹ̀kẹta ni ti àìsàn tó ń mú kí èèyàn dákú tàbí kó máà mọ ara rẹ̀ mọ́, bíi wárápá. Ẹ má purọ́ níbẹ̀. Dókítà lè kọ ìwé pé ó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú. Irọ́ tó bá hàn lẹ́yìn ìjàǹbá ni kò ní oògùn.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ

Ní àwọn ọ́fíìsì DMV inú ìlú New York, ẹ gbọ́dọ̀ gba àkókò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀pọ̀ káúǹtì ìta ìlú, akọ̀wé káúǹtì ló ń ṣe àkóso ọ́fíìsì, òfin tiwọn sì lè yàtọ̀ nípa ẹni tí wọ́n ń gbà. Ẹ wo èyí tó sún mọ́ yín kí ẹ tó gba ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ìdánwò ojú ló ṣáájú. Wọ́n fẹ́ kí ẹ ka lẹ́tà dé ìlà 20/40, pẹ̀lú gíláàsì tàbí láìsí i, pẹ̀lú ojú kan tàbí méjèèjì. Ẹni tó bá lo gíláàsì yege, wọn yóò kọ ọ́ sára láísẹ́ńsì rẹ̀ pé gíláàsì ni kó máa fi wakọ̀, ọlọ́pàá sì lè mú un bó bá wakọ̀ láìwọ̀ ọ́. Ẹ lè lọ ṣe ìdánwò yìí lọ́dọ̀ dókítà ojú tó bá wà lórí àkọsílẹ̀ DMV kí ẹ tó wá. Fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò dé 20/40, èyí ló dára jù, torí dókítà á mọ fọ́ọ̀mù tó yẹ kó kọ, yàtọ̀ sí kí wọ́n kàn dá a padà ní kọ́ńtà.

Ìdánwò ìwé ní ìbéèrè 20. Ẹ gbọ́dọ̀ gba 14, àti nínú àwọn ìbéèrè 4 tó jẹ́ ti àmì ojú títì, ẹ gbọ́dọ̀ gba 2 ó kéré tán. Ẹni tó gba 16 ṣùgbọ́n tó ṣi gbogbo àmì ti kùnà. Ẹ kò gbọ́dọ̀ rò pé torí ẹ ti wakọ̀ l'Ọ́ṣòdì fún ọdún mẹ́wàá, ẹ ò nílò ìwé. Ìrírí ìwakọ̀ nílé gan-an ló ń mú kí èèyàn ṣi àwọn ìbéèrè yìí:

Ọkọ̀ iléèwé aláwọ̀ ìyeyè tó bá dúró, tí iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú, gbogbo ọkọ̀ ní ọ̀nà méjèèjì ni yóò dúró, ìbáà jẹ́ títì tí àlà pín sí méjì ní New York. Ìlú New York gba máìlì 25 ní wákàtí kan níbikíbi tí wọn kò bá kọ iye míì sí. Kò sí pé kí ẹ yà sọ́tùn-ún nígbà tí iná pupa bá ń tàn nínú ìlú náà, àyàfi bí àmì bá gbà yín láyè. Ní ìta ìlú, ẹ lè yà lẹ́yìn tí ẹ bá dúró pátápátá, àyàfi bí àmì bá kọ̀. Tíráfíkétọ̀ gbọ́dọ̀ ti máa ṣẹ́jú láti ẹsẹ̀ bàtà 100 kí ẹ tó yà. Ẹ kò gbọ́dọ̀ páàkì láàárín ẹsẹ̀ bàtà 15 sí ẹ̀rọ omi panápaná. Bí wípà bá ń ṣiṣẹ́ nítorí òjò, kí iná iwájú tàn pẹ̀lú.

Ìwé atọ́nà ìwakọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí dmv.ny.gov, ìdánwò àfiṣeré náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ń gba gbogbo ìbéèrè ní ìgbà mẹ́ta léraléra nílé, ẹ lọ.

Wọn yóò ya fọ́tò yín. Gèlè àti fìlà á kúrò lórí. Híjáàbù tí ẹ̀sìn ní kí ẹ wọ̀ lè wà, kí ojú ṣáà hàn pátá. Owó tí ẹ máa san kì í ṣe iye kan náà fún gbogbo èèyàn: ọjọ́ orí, kíláàsì láísẹ́ńsì àti ibi tí ẹ ń gbé ni wọ́n ń wò, àwọn ará ìlú New York àti káúǹtì 7 tó yí i ká sì ń san díẹ̀ lé e. Ohun tí èèyàn kì í mọ̀ ni pé owó ọjọ́ yẹn ló san ti láísẹ́ńsì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìdánwò ojú títì méjì. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì ni yóò san dọ́là 10 fún méjì míì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nílé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ bá ní kí ẹ san owó DMV fún ìdánwò àkọ́kọ́, ẹ bi í pé owó kí ni.

Pámíìtì kì í ṣe láísẹ́ńsì

Pẹ̀lú pámíìtì, ẹni tó ti pé ọdún 21, tó ní láísẹ́ńsì tó bá irú ọkọ̀ náà mu, gbọ́dọ̀ jókòó tì yín. Àbúrò tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 kò tó, bó ti wù kó mọ ọkọ̀ wà tó.

Àwọn ibì kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ dé pẹ̀lú pámíìtì. Ojú ọ̀nà inú pákì ìlú New York wà níbẹ̀. Afárá àti ọ̀nà abẹ́ omi tó wà lábẹ́ Triborough Bridge and Tunnel Authority wà níbẹ̀: Verrazzano, Whitestone, Throgs Neck, Robert F. Kennedy, Henry Hudson, àwọn méjì tó lọ sí Rockaway, Queens-Midtown Tunnel àti èyí tó gba Brooklyn lọ sí ìsàlẹ̀ Manhattan. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń gbé Staten Island kò lè wakọ̀ fúnra rẹ̀ gba Verrazzano lọ kí ẹbí ní Brooklyn; kí ẹni tó ní láísẹ́ńsì gba sítíárìn kí wọ́n tó gun afárá. Afárá Brooklyn, Manhattan àti Williamsburg kò sí nínú òfin yẹn. Ní Westchester, ẹ yẹra fún Hutchinson River Parkway, Saw Mill, Cross County àti Taconic. Àdúgbò tí DMV ti ń ṣe ìdánwò náà kò gba akẹ́kọ̀ọ́, èyí tó ń ya àwọn tó fẹ́ lọ fi ẹsẹ̀ mọ ọ̀nà lẹ́nu.

Ọmọ ọdún 16 lè gba pámíìtì, ṣùgbọ́n òbí ni yóò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò tíì pé 18 gbọ́dọ̀ di pámíìtì mú fún oṣù 6, kó sì fi wákàtí 50 wakọ̀ pẹ̀lú alábòójútó, 15 nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, 10 nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Fọ́ọ̀mù MV-262 ni òbí fi ń jẹ́rìí. Láísẹ́ńsì ọmọdé tó bá gbà kò sì ní jẹ́ kó wakọ̀ nínú ìlú New York rárá. Ẹni tó ti pé 18 kò ní oṣù kankan láti dúró.

Wákàtí 5, ọjọ́ ìdánwò

Kíláàsì wákàtí 5 ni ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ń ṣe. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ní pámíìtì kí wọ́n tó gbà yín. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kò sí ọkọ̀. Ìwé tí wọ́n máa fún yín lẹ́yìn rẹ̀ ni MV-278, ọdún 1 ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó yára ṣe kíláàsì ní oṣù Kejì, tó wá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ títí òtútù ọdún kejì fi wọlé, yóò tún un ṣe. Ẹni tó gba ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tó kún ní iléèwé yóò ní MV-285 dípò rẹ̀, ọdún 2 ni ìyẹn.

Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lórí pámíìtì àti nọ́ńbà ìwé kíláàsì gba ọjọ́ ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà oní-díjíìtì 9 tí wọ́n ń pè ní ID ni ẹ ó lò. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti káàdì ìdánimọ̀ yín àtijọ́, káàdì lẹ pààrọ̀, ẹ kò pààrọ̀ nọ́ńbà.

Láísẹ́ńsì Nàìjíríà kò ní pààrọ̀ ní New York bí ti ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn. Àlejò lè fi wakọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti di ará New York ní ọjọ́ 30 láti gba ti ibẹ̀, gbogbo ìdánwò ni yóò sì ṣe. Bí ẹ bá yege, wọn yóò gba láísẹ́ńsì òkèèrè yín lọ́wọ́ yín, ọ́fíìsì sì máa ń ba á jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 60. Ẹni tó ń lọ sílé lọ́dọọdún, tó sì ń lò ó l'Ábẹ́òkúta, kí ó tètè kàn sí ọ́fíìsì yẹn kí ó sì béèrè bí òun yóò ṣe rí i gbà padà.

Lọ́jọ́ ìdánwò ojú títì

Ẹ mú pámíìtì, MV-278 gidi, àti ẹni ọdún 21 tó ní láísẹ́ńsì wá. Ìwé ọkọ̀, ìbánigbófò àti ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ti kọjá ọjọ́. Gílóòbù iná bíréèkì kan tó kú tó láti pa ìdánwò rẹ́ kí ẹ tó tan ọkọ̀. Kí bẹ́líìtì àti ilẹ̀kùn ìhà tí olùdánwò máa jókòó sí ṣiṣẹ́.

Àṣìṣe ni wọ́n ń kà. Bó bá ti ju póìǹtì 30 lọ, ó di ọjọ́ mìíràn. Ẹ fetí sí ìtọ́sọ́nà, ẹ yà bí wọ́n bá ní kí ẹ yà, ẹ fi ìrìn mẹ́ta yí ọkọ̀ po lójú ọ̀nà tóóró, ẹ páàkì sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Ohun tó ń bá awakọ̀ àtijọ́ jà ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lọ ni ìwà ọwọ́. Àmì STOP túmọ̀ sí kí táyà dúró jẹ́ẹ́, kì í ṣe kí ó rọra yí. Ọwọ́ kan lórí sítíárìn, ìgbọ̀nwọ́ lójú fèrèsé: wọ́n rí i. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn rìn, ẹ yí orí padà wo ẹ̀yìn gidi, kì í ṣe dígí tàbí kámẹ́rà nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ yí ọ̀nà, ẹ wo dígí, ẹ yí orí wo ẹ̀gbẹ́ èjìká, kí ẹ tó gbéra, kí olùdánwò sì rí i pé orí yín yí. Họ́ọ̀nù kì í ṣe ìkíni. Ẹ fi í sílẹ̀ àyàfi bí ewu bá wà. Ẹ má sì rìn jẹ́jẹ́ jù torí ẹ̀rù: ẹni tó ń rin máìlì 12 ní ibi tó gba 25 náà ń pàdánù póìǹtì. Ọwọ́ ọ̀tún ni Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà jọ ń gbà, nítorí náà ẹni tó kọ́ ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba ọwọ́ òsì, bíi Britain, nìkan ni yóò bá ìhà títì jà.

Àwọn tó ti ní láísẹ́ńsì rí

Ẹni tó fi láísẹ́ńsì New York sílẹ̀ gba káàdì ìdánimọ̀, bí àpẹẹrẹ ìyá àgbà tí àwọn ọmọ ní kó sinmi, tó wá fẹ́ padà sí ọkọ̀: bí láísẹ́ńsì náà kò bá tíì lò ju ọdún 2 lọ lẹ́yìn ọjọ́ tó parí, ẹ lọ béèrè àtúnṣe, ẹ lè má nílò ìdánwò ojú títì. Bó bá ti ju ọdún 2 lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti pámíìtì. Ẹni tí wọ́n gba tirẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda DMV. Láìsí ìyẹn, owó fọ́ọ̀mù lásán ló ná.

Lẹ́yìn tí ẹ bá yege

Ẹ ó rí èsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì tẹ láísẹ́ńsì ráńpẹ́ jáde. Òun àti pámíìtì tó ní fọ́tò lẹ ó jọ máa mú rìn títí káàdì yóò fi dé. Oṣù 6 àkọ́kọ́ jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń ṣọ́ yín: eré àsápajúdé tàbí wíwà sún mọ́ ọkọ̀ iwájú jù lè gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ yín fún ọjọ́ 60, fóònù lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń wakọ̀ sì lè gbà á fún ọjọ́ 120. WhatsApp ìpàdé ẹbí lè dúró.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ kì í fi lẹ́tà DMV ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tuntun, nítorí náà bí ẹ bá kó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ẹ sọ fún DMV kíákíá. Ọjọ́ 10 ni òfin fún yín. Bí káàdì bá sì dé, ẹ má tíì fi í sápò. Ẹ ka orúkọ, ọjọ́ ìbí, ìràwọ̀ bí ẹ bá béèrè rẹ̀, àti kíláàsì D, ìyẹn ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán. Bí lẹ́tà kan bá yí, ẹ padà lọ lọ́sẹ̀ yẹn pẹ̀lú ìwé tí ẹ fi gbà á.